Ìtàn Kókó Irin Inú Mẹ́kúrì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irin inú Mẹ́kúrì ti tóbi tó yóò rí ìwé mẹ́ta tó sọ ohun mẹ́ta. Ọ̀kan á ní ìdá 42 nínú 100 ni, èkejì á ní 75, ẹ̀kẹta á ní 85. Àwọn ìwé ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́, irú èyí tí ènìyàn ń rí rà ní Balon, ọjà àlòkù ọjọ́ Sátidé tó wà lẹ́yìn Porta Palazzo ní Turin, tún lè sọ fún un pé ojú kan ṣoṣo ni Mẹ́kúrì ń kọ sí oòrùn títí láé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti já láti ọdún 1965. Ní ti ohun tó fà á tí irin fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú pílánẹ́ẹ̀tì kékeré, oníkálukú ló mú àlàyé tirẹ̀ bí ẹni pé kò sí òmíràn. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní àríwá Ítálì ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́ níbí, irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì ń wọlé tọ̀ wọ́n wá. Mo kó ọ̀rọ̀ náà jọ síbí, mo sì ya èyí tó dúró kúrò lára èyí tó ti ṣubú. Bí orúkọ Turin àti Padua bá ń jáde lemọ́lemọ́, kì í ṣe pé mo ń gbè sẹ́yìn ibi tí mo ń gbé; ibẹ̀ ni ọ̀nà náà gbà. Ó dára, mo ń gbè díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iye

Àwọn iye náà kò takora tó bí wọ́n ṣe rí lójú. Láti àárín gbùngbùn Mẹ́kúrì dé ojú ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 2,440. Ìwé tó kọ 75 ń wọn ọ̀nà yẹn: ó ní ìdá 75 nínú ọ̀nà náà ni ènìyàn yóò fi la irin kọjá kó tó kan àpáta. Ìwé tó kọ 42 ń wọn àyè tí irin gbà nínú gbogbo ara pílánẹ́ẹ̀tì náà. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ẹ fi 0.75 sọ 0.75 di púpọ̀, kí ẹ tún fi 0.75 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, 0.42 ni yóò bọ́ sí yín lọ́wọ́. Àwọn tó da méjèèjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan ló dá ìjà sílẹ̀.

Iye ayé àtijọ́ ni 75 àti 42, ṣáájú kí ọkọ̀ ojú sánmà kan tó dúró yí Mẹ́kúrì ká ní 2011. Lẹ́yìn ìgbà náà, iye tó dúró ni kìlómítà 2,020, ká fi nǹkan bí 30 gbè é síwájú tàbí sẹ́yìn, láti àárín dé ibi tí irin parí sí. Ìdá 83 nínú 100 ti ọ̀nà nìyẹn, ìdá 57 ti àyè. Àwọn tó ń kọ 85 ń lo kìlómítà 2,074. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ bára wa jiyàn. Bí ó bá jẹ́ ìwọ̀n, irin kó nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 gbogbo ohun tí Mẹ́kúrì wọ̀n. Ẹ fi ayé tiwa wé e: irin inú rẹ̀ gba ìdá 55 ti ọ̀nà, ìdá 16 péré ti àyè, ó sì kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀. Mẹ́kúrì dà bí ẹyìn tí ekùrọ́ gba inú rẹ̀ tán, tí ara tí wọ́n ń fún epo lára rẹ̀ wá ku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló wá jẹ́ tuntun, nígbà tó jẹ́ pé ayé wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 5.51, tí Mẹ́kúrì sì jẹ́ 5.43, tó tún fi díẹ̀ rẹlẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ayé tóbi, ìwọ̀n ara rẹ̀ ló ń tẹ inú rẹ̀ pọ̀. Mẹ́kúrì kéré, kò lágbára láti tẹ ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi ìṣirò yọ títẹ̀ náà kúrò, ayé á wálẹ̀ sí nǹkan bí 4, Mẹ́kúrì á sì dúró sí 5.3. Kò sí pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn ní sàkáání oòrùn wa tó rí bẹ́ẹ̀. Máàsì jẹ́ 3.9 kí a tiẹ̀ tó yọ títẹ̀ rẹ̀, òṣùpá jẹ́ 3.3.

Kí wọ́n tó rí i wọ̀n

Galileo wà ní Padua láti 1592 dé 1610, ṣùgbọ́n awò rẹ̀ kéré jù láti fi hàn án pé Mẹ́kúrì ń yí àwòrán padà bí òṣùpá. Giovanni Battista Zupi ló rí ìyẹn ní Naples ní 1639. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ tó kan ọ̀rọ̀ wa.

Wíwọ̀n ni ìṣòro. Ọ̀nà tí a fi ń mọ ìwọ̀n pílánẹ́ẹ̀tì ni kí a wo òṣùpá tó ń yí i ká, kí a ṣírò bí ó ṣe jìnnà sí i àti iye ọjọ́ tó fi ń yí i. Mẹ́kúrì kò ní òṣùpá. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ìgboyà sọ iye kan ni ọmọ Turin, Giuseppe Lodovico Lagrangia, tí àwọn Faransé sọ di Joseph-Louis Lagrange. Wọ́n bí i níbẹ̀ ní 1736, ó kúrò níbẹ̀ ní 1766 lọ sí Berlin, òpópónà kan ní àárín ìgboro sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Lagrange kò wọn Mẹ́kúrì. Ohun tó ṣe, nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní Berlin ní àwọn ọdún 1780, ni pé ó wo àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti mọ ìwọ̀n wọn, ó rí i pé èyí tó bá jìnnà sí oòrùn ń fúyẹ́ sí i, ó sì sọ ọ́ di òfin: bí pílánẹ́ẹ̀tì bá ṣe súnmọ́ oòrùn tó ni yóò ṣe ki tó. Nípa òfin yìí, Mẹ́kúrì gbọ́dọ̀ ki ju ayé lọ ní ìlọ́po méjì àtààbọ̀. Laplace, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Faransé, gba iye náà sínú ìwé rẹ̀: oòrùn wúwo ju Mẹ́kúrì lọ ní ìlọ́po 2,025,810.

Ìwọ̀n tí iye yẹn fún Mẹ́kúrì fi ìlọ́po mẹ́ta pọ̀ jù. Síbẹ̀ mi ò bá àwọn tó ń fi Lagrange ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Èrò pé ìsúnmọ́ oòrùn ní ọwọ́ nínú kíki pílánẹ́ẹ̀tì ló padà wá ní 1972 àti ní 2021 pẹ̀lú agbádá tuntun, bí a ó ti rí i níwájú.

Johann Encke, onímọ̀ ìràwọ̀ ní Berlin, ló kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ní tòótọ́. Ìràwọ̀ onírù kan wà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, tó ń padà wá ní ọdún mẹ́ta àti oṣù mélòó kan. Ní 1835 ó gba ẹ̀gbẹ́ Mẹ́kúrì kọjá, Mẹ́kúrì sì fà á kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ díẹ̀. Encke ṣírò ìfàsẹ́yìn náà, ó sì gbé iye jáde ní 1841: 4,865,751. Ó kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀. Ní 1895 Simon Newcomb ní Amẹ́ríkà lo 6,000,000 gééré. Ọkọ̀ Mariner 10 ló fi òpin sí àríyànjiyàn náà ní àwọn ọdún 1970 pẹ̀lú 6,023,600, kò sì sí ẹni tó tún jà sí i mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ bá Encke ní Berlin ní 1857. Giovanni Schiaparelli ni, ọmọ Savigliano ní Piedmont, tó gba oyè ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Turin. Nígbà tó di ọ̀gá ilé ìwòràwọ̀ Brera ní Milan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo Mẹ́kúrì ní ọ̀sán gangan, nítorí ní ìrọ̀lẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì náà ti wálẹ̀ jù, ooru ilẹ̀ ń mú kó máa gbọ̀n lójú awò. Ní 1889 ó kéde pé ọjọ́ 88 ni Mẹ́kúrì fi ń yí lórí ara rẹ̀, ọjọ́ 88 kan náà tó fi ń yí oòrùn ká, tó túmọ̀ sí pé ojú kan ló ń kọ sí oòrùn. Àṣìṣe ni, ṣùgbọ́n àṣìṣe tó ní ìdí. Ìgbà tó dára jù láti rí Mẹ́kúrì láti Yúróòpù ń padà wá ní nǹkan bí 350 ọjọ́, láàárín àsìkò yẹn Mẹ́kúrì ti yí lórí ara rẹ̀ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Ojú kan náà ló ń bá a nígbà gbogbo.

  

Ohun tó kan kókó irin ni pé ní 1906 Richard Oldham fi ìró ìmìtìtì ilẹ̀ hàn pé ayé ní kókó kan nínú. Ìgbà yẹn gan-an ni ìbéèrè náà tó lè wà, torí pé kí á tó mọ̀ pé pílánẹ́ẹ̀tì ń ní kókó irin, kò sí bí a ṣe lè bèèrè pé kí ló dé tí ti ẹnìkan fi tóbi jù. Harold Urey, tó gba ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́mísírì ní 1934, ló bèèrè rẹ̀ tààrà ní 1951 àti nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1952: irin Mẹ́kúrì pọ̀ ju ohun tí àpáta rẹ̀ lè fi gbè é lọ, nǹkan kan ló ya irin kúrò lára àpáta kí pílánẹ́ẹ̀tì náà tó parí tàbí lẹ́yìn tó parí. Gbogbo àlàyé tó ti jáde láti ìgbà náà, èyí tó bá fẹ́ kó jẹ́, ọ̀kan nínú apá méjì yìí ló wà.

Padua àti ìyípo Mẹ́kúrì

Kò sí ẹni tó tíì gbẹ́ ilẹ̀ Mẹ́kúrì. Kò sí ẹ̀rọ ìmìtìtì kankan níbẹ̀. Ohun tí a mọ̀ nípa ibi tí irin rẹ̀ parí sí, láti inú bí ó ṣe ń yí ni a ti mọ̀ ọ́n, ọkùnrin tó sì tú ìyípo náà fún wa ni Giuseppe Colombo, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bepi. Wọ́n bí i ní Padua ní 1920, ó kọ́ ìṣirò ní Pisa, ó padà wá ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Padua, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní oṣù Kejì ọdún 1984.

Níbí ni àwọn tó ń kọ̀wé ti ń bọ́ sínú ìjà, ó sì yẹ kí á rọra tú u. Ìwé kan ní Ítálì lè sọ pé Colombo ló ṣàwárí bí Mẹ́kúrì ṣe ń yí. Ìwé kan ní Amẹ́ríkà lè má dárúkọ rẹ̀ rárá. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ nìyí. Ní 1965 Gordon Pettengill àti Rolf Dyce fi rádà ńlá Arecibo ní Puerto Rico lu Mẹ́kúrì, wọ́n rí i pé ọjọ́ 59 ló fi ń yí, ó lè fi ọjọ́ márùn-ún dín tàbí lé. Ìyẹn ni wíwọ̀n, tiwọn ni. Lọ́dún kan náà Stanton Peale àti Thomas Gold ṣàlàyé ìdí tí kò fi lè jẹ́ 88: ọ̀nà Mẹ́kúrì gùn sápá kan ju èkejì lọ, ìfà oòrùn sì ń le sí i gan-an nígbà tó bá súnmọ́ ọn, ìyẹn kì í jẹ́ kí ìyípo rẹ̀ rẹlẹ̀ dé 88. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ ibi tí yóò dúró sí. Colombo ló wo 59 tó rí i pé ó súnmọ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta 88 jù láti jẹ́ èèṣì. Nínú àkọsílẹ̀ kékeré kan nínú ìwé ìròyìn Nature ní oṣù Kọkànlá ọdún 1965, ó ní ọjọ́ 58.65 ni, pé Mẹ́kúrì ń yí lórí ara rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta gééré láàárín àsìkò tó fi ń yí oòrùn ká lẹ́ẹ̀mejì, àti pé ohun tó so ó mọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé Mẹ́kúrì kò rí roboto dáadáa: ó gùn sápá kan díẹ̀, apá yẹn sì ni oòrùn ń dì mú ní gbogbo ìgbà tó bá súnmọ́ ọn. Ó tẹ̀síwájú nínú rẹ̀ pẹ̀lú Irwin Shapiro ní 1966, Peter Goldreich àti Peale sì gbé ìṣirò náà kalẹ̀ pátápátá lọ́dún yẹn kan náà. Nítorí náà, Colombo kò wọ̀n ọ́n, òun ló mọ ohun tí wọ́n wọ̀n. Mo ka ìyẹn sí ohun tó tóbi jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí, mo sì mọ̀ pé ẹlòmíràn lè má kà á sí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ kejì ní 1966 kò gbajúmọ̀ tó, ó sì wúlò fún wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Giovanni Domenico Cassini, ọmọ Perinaldo ní Liguria, ti ṣe òfin mẹ́ta nípa bí òṣùpá ṣe ń tẹ̀ lórí òpó ìyípo rẹ̀. Colombo mú òfin náà kúrò lára òṣùpá nìkan, ó fi hàn pé ohunkóhun tí ìfà bá dì mú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ní ìwọ̀nba kan pàtó, ìwọ̀nba náà sì dá lórí bí ẹrù ṣe pín sí inú rẹ̀. Peale dé ibi kan náà lọ́nà tirẹ̀ ní 1969. Ìyẹn ni pé bí ẹnìkan bá lè wọn ìtẹ̀sí kékeré Mẹ́kúrì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ibi tí irin wà.

Ní oṣù Kejì ọdún 1970, wọ́n pe Colombo sí ìpàdé kan ní ilé iṣẹ́ JPL ní California, níbi tí wọ́n ti ń múra ọkọ̀ Mariner 10 sílẹ̀. Ètò wọn ni pé ọkọ̀ náà yóò gba ẹ̀gbẹ́ Fẹ́nọ́sì, Àgùàlà wa, kọjá, yóò fi ìfà rẹ̀ yí ọ̀nà, yóò kan Mẹ́kúrì lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Colombo wo ọ̀nà tí ọkọ̀ náà yóò máa gbà yí oòrùn ká lẹ́yìn ìyẹn, ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọjọ́ 176, ìlọ́po méjì ọjọ́ 88. Bí wọ́n bá yan ibi tí ọkọ̀ ti kọjá ní Fẹ́nọ́sì dáadáa, ọkọ̀ àti Mẹ́kúrì yóò máa pàdé níbì kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i, láìná ọ̀pọ̀ epo sí i. Wọ́n tún ìṣirò náà ṣe, ó rí bẹ́ẹ̀. Mariner 10 gbéra ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 1973, ó sì kan Mẹ́kúrì ní ẹ̀ẹ̀mẹta: ọjọ́ 29 oṣù Kẹta àti ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974, àti ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1975. Nítorí pé ìlọ́po méjì ọjọ́ 88 tún bá ìyípo mẹ́ta Mẹ́kúrì mu, apá kan náà ni oòrùn ń tàn sí nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí ló fà á tí kò fi rí ìdajì ilẹ̀ náà. Òfin tí Colombo rí ní 1965 ni ó dí i lójú.

Ẹ̀bùn ìpàdé kẹta ni òòfà. Ẹ̀rọ tí Norman Ness fi ń wọn òòfà ti gbọ́ díẹ̀ ní ìpàdé àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ kò gbà á gbọ́. Ìpàdé kẹta fi í múlẹ̀. Òòfà Mẹ́kúrì kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 100 ti ayé lọ, ṣùgbọ́n ó wà. Òòfà irú èyí ń fẹ́ irin yíyọ́ tó ń rọ́ káàkiri nínú. Pílánẹ́ẹ̀tì tó kéré bẹ́ẹ̀ sì ti yẹ kó tutù kó sì le láti ìgbà pípẹ́.

Peale tún dìde ní 1976. Ó béèrè bóyá irin inú Mẹ́kúrì yọ́, ó sì kọ ọ̀nà tí wọ́n lè gbà mọ̀ láìbalẹ̀ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 88 kọ̀ọ̀kan, oòrùn ń fa apá gígùn Mẹ́kúrì síwájú díẹ̀, ó sì ń fà á padà. Bí gbogbo ara pílánẹ́ẹ̀tì náà bá le pọ̀, ìmì yẹn yóò kéré, nítorí ẹrù gbogbo ni oòrùn ń tì. Bí àpáta òkè bá léfòó lórí irin yíyọ́, àpáta nìkan ni yóò mì, ìmì rẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Kí a wọn ìtẹ̀sí, kí a wọn ìmì, kí a wọn iye méjì nínú ìfà Mẹ́kúrì, ìṣirò yóò pín àpáta kúrò lára irin fúnra rẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi dúró de ẹ̀rọ tó lè ṣe é. Jean-Luc Margot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rádà Goldstone ní California lu Mẹ́kúrì láti 2002, wọ́n sì ń gba ìró rẹ̀ ní Green Bank ní West Virginia pẹ̀lú. Rádà tó padà kì í padà bákan náà. Ó máa ń dà bí ojú omi tó kún fún ibi dídán àti ibi dúdú, àwòrán yẹn sì ń fò kọjá ilẹ̀ Amẹ́ríkà bí Mẹ́kúrì ṣe ń yí. Iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń ti ọ̀dọ̀ awò kan dé èkejì sọ bí ó ṣe ń yára yí ní pàtó. Èsì jáde ní 2007: ilẹ̀ Mẹ́kúrì ń mì síwájú sẹ́yìn ní ohun tó lé ní mítà 400 ní agbedeméjì rẹ̀. Irin náà yọ́, ó kéré tán apá òde rẹ̀.

Àwọn àlàyé

John Lewis sọ ní 1972 pé ní ìtòsí oòrùn kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn, ooru pọ̀ débi pé irin ti ń dì nígbà tí ohun èlò àpáta ṣì wà ní gáàsì, torí náà irin pọ̀ nínú ohun tí Mẹ́kúrì kó jọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìwọ̀n ooru tí irin fi ń dì àti èyí tí àpáta fi ń dì súnmọ́ra jù, ààlà tí ó nílò tín-ín-rín gan-an. Stuart Weidenschilling gbé òmíràn wá ní 1978: gáàsì tó yí oòrùn ká ń fa ohun fífúyẹ́ wọ inú oòrùn kíákíá ju ohun wíwúwo lọ, àpáta sì fúyẹ́ ju irin lọ. Alastair Cameron ní 1985 ní oòrùn gbé ooru tó ju 2,000 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius sí ojú Mẹ́kúrì tó ti parí, àpáta rẹ̀ di gáàsì, afẹ́fẹ́ gbé e lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìkọlù. Willy Benz, Wayne Slattery àti Cameron kan náà fi kọ̀ǹpútà ṣe é ní 1988: Mẹ́kúrì àkọ́kọ́ wúwo ju ti ìsinsìnyí lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀, ohun kan tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà rẹ̀ sì wá kọlù ú ní nǹkan bíi kìlómítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àpáta fọ́n ká, irin kù. Ìtàn yìí ló wọ ìwé ilé ẹ̀kọ́ jù, kò sì yà mí lẹ́nu, ó rọrùn láti yà sí ojú ìwé. Ìṣòro rẹ̀ tí àwọn ìwé náà kì í sọ ni èyí: ibo ni àpáta tó fọ́n náà lọ? Ó ṣì ń yí oòrùn ká lójú ọ̀nà Mẹ́kúrì, yóò sì máa padà bọ́ sórí rẹ̀. Brett Gladman àti Jaime Coffey ṣírò rẹ̀ ní 2009, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni yóò padà, àyàfi bí ó bá ti kúnná tó eruku tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn lè rọra gbé kúrò lọ́nà.

MESSENGER

Ọkọ̀ MESSENGER ti Amẹ́ríkà gbéra ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 2004, ó wọ ìyípo Mẹ́kúrì ní oṣù Kẹta ọdún 2011, ó sì já lu ilẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2015. Ó wọn iye ìfà méjì tí Peale ń dúró dè, láti inú rẹ̀ ni kìlómítà 2,020 ti wá. Ṣùgbọ́n ohun tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni ohun tó wà nínú ilẹ̀ náà.

Imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀ dé ìdá 4 nínú 100, ọ̀pọ̀ ìlọ́po ti ilẹ̀ tiwa. Irin tó wà lójú ilẹ̀ rẹ̀ kò sì tó ìdá 3. Pọtásíọ̀mù ló jẹ́ ẹlẹ́rìí tó le jù. Pọtásíọ̀mù ń sálọ bí ooru bá gbóná, tóríọ̀mù kì í sálọ. Bí ènìyàn bá pín ọ̀kan fún èkejì, ó mọ bí ilẹ̀ náà ṣe jóná tó. Lórí òṣùpá, tí ìkọlù dá sílẹ̀, iye náà kò tó 400. Lórí Mẹ́kúrì ó jẹ́ nǹkan bí 5,200, ó jọ ti Máàsì. Pílánẹ́ẹ̀tì tó súnmọ́ oòrùn jù kò jóná tó bí wọ́n ṣe rò.

Àlàyé Cameron ti 1985 kú síbẹ̀. Ti Lewis náà, bí ó ṣe kọ́kọ́ sọ ọ́, kò lè dúró, nítorí ohun tó dì ní ooru tó bẹ́ẹ̀ kò ní kó imí ọjọ́. Àwọn kan wá sọ pé kí a má wulẹ̀ wá ìkọlù mọ́: imí ọjọ́ tó pọ̀ lójú ilẹ̀, tí irin sì kéré, fi hàn pé ọ́síjìn kò pọ̀ níbi tí Mẹ́kúrì ti jáde wá, torí náà irin kò rí ọ́síjìn so mọ́ láti wọ inú àpáta, gbogbo rẹ̀ rì sí ìsàlẹ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Àìsí ọ́síjìn lè gbé irin láti inú àpáta lọ sínú kókó. Kò lè dá irin tí kò sí tẹ́lẹ̀. Irin tó wà nínú gbogbo Mẹ́kúrì pọ̀ jù, ibi yòówù kó jókòó sí nínú rẹ̀. Urey ti rí èyí ní 1951.

Ìkọlù náà farapa, kò kú. Erik Asphaug àti Andreas Reufer yí i padà ní 2014: Mẹ́kúrì kọ́ ni wọ́n kọlù, òun ló lọ kọlu pílánẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù ú lọ, ó fi ẹ̀gbẹ́ gbá a, ó fi àpáta rẹ̀ sílẹ̀ sára onítọ̀hún, ó sì bá irin rẹ̀ sálọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àpáta tó sọnù ti ní ibùgbé, kò sì ní padà bọ́. Èyí ló yanjú ìbéèrè Gladman, òun ni mo sì rò pé ó lágbára jù lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkọlù tó ṣe rẹ́gí bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀.

Ní ọ̀nà kejì, Alexander Hubbard sọ ní 2014 pé òòfà tó wà nínú gáàsì àtètèkọ́ṣe ń fa ẹyọ irin mọ́ ara wọn, àpáta sì ń kù sẹ́yìn. Ní 2021 William McDonough àti Takashi Yoshizaki fi hàn pé irin inú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì olókùúta ń dín kù bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí oòrùn, bí òòfà yẹn ṣe ń rọ̀. Lagrange ìbá gbádùn rẹ̀. Àwọn tó ní ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ti àpáta kúrò lára irin náà wà, ní 2013. Ẹ fi wọ́n síbẹ̀.

Láìpẹ́ yìí

Ìràwọ̀ mìíràn ti wá di ẹlẹ́rìí, Turin sì ni wọ́n ti kọ ọ́. Aldo Bonomo ti ilé ìwòràwọ̀ Turin, tó wà lórí òkè Pino Torinese, ló síwájú àwọn tó kọ̀wé ní 2019 nípa ìràwọ̀ Kepler-107. Pílánẹ́ẹ̀tì méjì níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní títóbi, bí ìlọ́po kan àtààbọ̀ ti ayé, síbẹ̀ ọ̀kan ki ju èkejì lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po méjì. Èyí tó ki jù ló tún jìnnà sí ìràwọ̀ rẹ̀ ju èkejì lọ. Bí ìsúnmọ́ ìràwọ̀ nìkan bá ni ó ń kó irin jọ, òdìkejì ni ó yẹ kó rí. Ìkọlù ni wọ́n sọ. Ní 2023 Elisa Goffo ti Yunifásítì Turin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn GJ 367 b, tó kéré ju ayé lọ, tó ń yí ìràwọ̀ rẹ̀ ká ní wákàtí 7.7, tó sì ki ju omi lọ ní ìlọ́po 10.2. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ irin lásán.

Ọkọ̀ BepiColombo, tí Yúróòpù àti Japan fi orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n Padua sọ, gbéra ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018. Ilé iṣẹ́ Thales Alenia Space ní Turin kó ipa ńlá nínú títo apá ti Yúróòpù. Kámẹ́rà rẹ̀, SIMBIO-SYS, wà lábẹ́ Gabriele Cremonese ti ilé ìwòràwọ̀ Padua. Ó ti gba ẹ̀gbẹ́ Mẹ́kúrì kọjá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà láti 2021 sí oṣù Kìíní ọdún 2025. Iná tó ń lọ sí ẹ̀rọ tó ń tì í kò tó mọ́ láti 2024, wọ́n sì sún ìgbà tí yóò wọ ìyípo láti oṣù Kejìlá ọdún 2025 sí oṣù Kọkànlá ọdún 2026. MESSENGER máa ń súnmọ́ ilẹ̀ ní apá àríwá nìkan, ó sì jìnnà gan-an sí gúúsù. Apá BepiColombo tí Yúróòpù ṣe yóò máa yí láti kìlómítà 480 sí 1,500 lórí àríwá àti gúúsù pọ̀. Ìmì Mẹ́kúrì ni yóò tún wọ̀n, pẹ̀lú bí apá le tó wà ní àárín irin yíyọ́ náà ṣe tóbi tó, èyí tí Antonio Genova ti Yunifásítì Sapienza ní Róòmù ti rí àmì rẹ̀ nínú iye MESSENGER ní 2019, àti iye pọtásíọ̀mù ilẹ̀ gúúsù.